Ìwé Ìdìbò Tó Wọlé Dé: Ìdáhùn fún Olùdìbò Kan ní Peckham

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó ń gbé ní Peckham, ní gúúsù London, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí ibùdó ìdìbò bá fi máa ṣí, oorun ló máa ń wà lójú mi. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ní, físà iṣẹ́ ni mo sì fi ń gbé níbí. Wọ́n ní mo lè dìbò káńsù láti ilé, kí n fi ìwé náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Baálé mi ní kí gbogbo wa jọ gba ìwé náà, kí òun bá wa kún un lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ti màmá mi tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti ṣèlérí pé òun máa bá ọ̀pọ̀ ìdílé kó tiwọn lọ sí káńsù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òfin sọ sí i?”

Òótọ́ ni pé ẹ lè dìbò, òótọ́ sì ni pé ẹ lè ṣe é láti ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ kún ti gbogbo ilé. Bí ènìyàn bá lọ sí ibùdó ìdìbò, ìjọba ló ń bá a ṣọ́ àṣírí rẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ wà ní ìdúró, àgọ́ kékeré tí a ti ń fàmì sí ìwé wà níbẹ̀, kò sì sí ọkọ, ìyàwó tàbí pásítọ̀ tí yóò kàn bá a wọ inú rẹ̀ láti wo ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìdìbò bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ilé náà ni ẹ di olùṣọ́ àṣírí ara yín. Gbogbo òfin tí mo fẹ́ ṣàlàyé, láti orí ìfọwọ́sí títí dé orí iye àpòòwé tí ẹnì kan lè kó lọ́wọ́, torí àtidáàbò bo àṣírí yìí ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ẹ̀tọ́ yín. Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ti pé ọdún 18, tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ti gidi, tó sì ní àṣẹ ìgbélùú lọ́wọ́, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò, ìbáà jẹ́ ti káńsù tàbí ti ilé aṣòfin àpapọ̀. Òfin kò bèèrè bóyá físà iṣẹ́ ni tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní kí ẹ kọ́kọ́ di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀; wọn a máa san owó orí káńsù lọ́dọọdún, wọn a sì máa wo ìdìbò bí ohun tí àwọn onílé ń ṣe láàárín ara wọn. Ẹni tí àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ ti parí ni kò gbọdọ̀ dán an wò, nítorí pé irọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ìdìbò tó wà níwájú yín ni ti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, nígbà tí gbogbo àwọn káńsù 32 ní London yóò yan àwọn kánsílọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Peckham wà lábẹ́ káńsù Southwark, tó ní kánsílọ̀ 63 láti wọ́ọ̀dù 23. Àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu lórí ilé káńsù, lórí ìdọ̀tí kíkó, lórí ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí àti lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, tí í ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe. Ẹ rántí nígbà tí ẹ bá ń fàmì sí ìwé pé wọ́ọ̀dù kan lè ní àyè méjì tàbí mẹ́ta. Bí àyè bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ lè fi àmì X sí iwájú olùdíje mẹ́ta. Bí ẹ bá yan ẹnì kan péré, ìbò yín dára. Bí ẹ bá yan mẹ́rin, ìwé náà ti bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ méjì ló wà kí ìwé tó lè dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń kó wọn pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí orúkọ yín wọ inú ìwé orúkọ olùdìbò. Èkejì ni kí ẹ bèèrè pé ìfìwéránṣẹ́ ni ẹ fẹ́ fi dìbò. Ẹni tó ṣe àkọ́kọ́ tí kò ṣe èkejì, ibùdó ìdìbò ni wọ́n ń retí rẹ̀ sí. Òfin fún ìforúkọsílẹ̀ ní gbèǹdéke ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá ṣáájú ọjọ́ ìdìbò, ó sì fún ìbéèrè ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlá. Fún ìdìbò yìí, ìyẹn túmọ̀ sí pé orúkọ gbọ́dọ̀ ti wọlé kí agogo méjìlá òru tó lù ní ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Kẹrin, kí ìbéèrè ìfìwéránṣẹ́ sì ti dé káńsù ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Kẹrin. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni a ti lè ṣe ìbéèrè náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò bi yín ní nọ́ńbà National Insurance yín, wọn yóò sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé funfun pẹ̀lú bírò dúdú, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ìkánjú fọwọ́ sí i, nítorí pé ìfọwọ́sí yẹn ni wọn yóò gbé ka iwájú nígbà tí ìbò yín bá padà dé.

Bí baálé yín bá ti ń dìbò bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ó lè máa rò pé kò sí ohun tí òun tún fẹ́ kọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ti fi ọdún mẹ́ta ṣe òpin fún àṣẹ yìí, gbogbo àṣẹ àtijọ́ tí wọ́n fúnni ṣáájú òpin oṣù Kẹwàá ọdún 2023 sì parí, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2026. Ẹni tó bá kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn náà gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìwé bá dé, nǹkan mẹ́rin ni ẹ ó bá nínú rẹ̀: ìwé ìdìbò, àpòòwé kékeré tí wọ́n kọ A sí lára, àpòòwé ńlá tí wọ́n kọ B sí lára, àti ìwé ẹ̀rí tí ẹ ó fọwọ́ sí, tí ẹ ó sì kọ ọjọ́ ìbí yín sí. Ìwé ìdìbò nìkan ló ń wọ inú A, ẹ ó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Àpòòwé A yìí àti ìwé ẹ̀rí, tí kò gbọ́dọ̀ bá ìwé ìdìbò wọ inú A, ló jọ ń wọ inú B. Ẹ kò ní í ra sítáǹbù bí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ìbò ti máa ń ṣègbé jù lọ ni orí ìwé ẹ̀rí yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ní ọ́fíìsì káńsù, ẹ̀rọ yóò ya àwòrán ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ìfọwọ́sí àti ọjọ́ ìbí wé èyí tó wà ní àkọsílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣiyèméjì, òṣìṣẹ́ ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wò ó kí ó tó ṣèpinnu. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá bára mu, wọn kò ní í ka ìbò náà. Àwọn kan máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n kún ìwé síbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí. Àwọn mìíràn máa ń fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ ọkọ, nígbà tí ó jẹ́ orúkọ ilé bàbá wọn ni wọ́n fi bèèrè ìwé. Ní ilé tí olùdìbò bá ti pọ̀, tí orúkọ ìdílé gbogbo wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, ìwé ẹ̀rí Bọ́lá lè bọ́ sínú àpòòwé Bísí. Nọ́ńbà orí ìwé ẹ̀rí àti ti orí ìwé ìdìbò kò ní í bára mu, bí káńsù kò bá sì rí wọn tò padà kí ìdìbò tó parí, ìbò ẹni méjì lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti àwọn àgbà wa tún wá yàtọ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ló ní ọjọ́ ìbí méjì, èyí tí ìyá wọn fẹnu sọ fún wọn àti èyí tí akọ̀wé kan kọ sínú ìwé ìrìnnà. Káńsù kò mọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù ìbéèrè lọ. Òun ni kí màmá yín kọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ.

Ẹ̀rù kan wà tí àwọn ènìyàn wa kì í sábà sọ jáde: bí orúkọ mi àti ìbò mi bá jọ wà nínú àpòòwé kan náà, ṣé káńsù kò ní í mọ ẹni tí mo yàn? Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò gba bẹ́ẹ̀ láàyè. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣí B, wọn yóò yọ ìwé ẹ̀rí sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀yìn tí àyẹ̀wò bá yege ni wọn yóò tó ṣí A, wọn yóò sì dojú ìwé ìdìbò délẹ̀ níṣojú àwọn aṣojú olùdíje. Kíkà gan-an kò ní í bẹ̀rẹ̀ títí agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò yóò fi lù. Òótọ́ ni pé nọ́ńbà wà lẹ́yìn ìwé ìdìbò kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ṣeé ṣe láti tọpa rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ilé ẹjọ́ nìkan ló lè ṣí ìwé wọ̀nyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dì í pa, wọn a sì pa gbogbo rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ baálé yín. Mi ò rò pé ó ní èrò búburú lọ́kàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ sí ọwọ́ olórí ilé fún ọjọ́ pípẹ́: ẹnì kan ní ilé kọ̀ọ̀kan ló máa ń kọ orúkọ gbogbo àgbàlagbà inú ilé rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, àfi ìgbà tó di ọdún 2014 ni wọ́n sọ ọ́ di pé kí oníkálukú forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Baálé lè ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, n kò sì bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó àti ìyá ìyàwó kì í ṣe ọmọ tuntun, òfin ìdìbò kò sì mọ baálé. Ẹni tó bá fàmì sí ìwé ìdìbò ẹlòmíràn tó sì fọwọ́ sí i bí ẹni pé òun ni onítọ̀hún, ó ti fi orúkọ ẹlòmíràn dìbò, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún méjì. Òfin ọdún 2022 tún fi kún un pé, nígbà tí ẹnì kan bá ń kún ìwé ìdìbò rẹ̀ nílé, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹlòmíràn máa wádìí ẹni tó fẹ́ yàn tàbí ẹni tó yàn. Ohun tó wà lábẹ́ ààbò tẹ́lẹ̀ nínú àgọ́ ìdìbò ti wá wà lábẹ́ ààbò lórí tábìlì ìjẹun yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Birmingham ló jẹ́ kí àwọn aṣòfin mú ọ̀rọ̀ yìí le. Ìdìbò ìfìwéránṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun: àwọn ọmọ ogun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní ọdún 1918, ní 1948 wọ́n fún àwọn aláìsàn àti àwọn mìíràn tí kò lè dé ibùdó, ní 1985 wọ́n fún àwọn tó rìnrìn àjò ìsinmi. Òfin ọdún 2000 ló wá sọ pé ẹnikẹ́ni lè bèèrè rẹ̀ láìsọ ìdí. Ìwé wá pọ̀ nígboro, àyẹ̀wò kò sì pọ̀ tó. Nínú ìdìbò káńsù oṣù Kẹfà ọdún 2004, ní wọ́ọ̀dù Aston àti Bordesley Green ní Birmingham, màgòmágó tí wọ́n fi ìwé ìdìbò ìfìwéránṣẹ́ ṣe burú débi pé ọlọ́pàá bá àwọn ọkùnrin kan nínú ilé ìkẹ́rùsí lóru pẹ̀lú òbítíbitì ìwé ìdìbò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, adájọ́ ìdìbò Richard Mawrey fagi lé ìdìbò kánsílọ̀ mẹ́fà. Ìgbẹ́jọ́ yẹn wà lára ohun tó bí òfin ọdún 2006, èyí tó mú ìfọwọ́sí àti ọjọ́ ìbí wá sórí ìwé ẹ̀rí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé káńsù ń yọ yín lẹ́nu lórí bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín, ẹ mọ̀ pé ìdí wà fún un.

Ìmọ̀ràn mi fún ilé yín ni pé kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn olùdíje kí ìwé tó dé, kí baálé yín sọ èrò rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí pé kò sí òfin tó dí ọkọ àti ìyàwó lọ́wọ́ láti jiyàn òṣèlú. Nígbà tí ìwé bá dé, kí oníkálukú mú tirẹ̀ lọ sí yàrá, kí ó fàmì sí i, kí ó lẹ àpòòwé rẹ̀ pa fúnra rẹ̀. Kí ẹ má ṣe jọ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, bí ó bá ṣeé ṣe, kí ìwé má baà dàpọ̀.

Ti màmá yín rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ní àṣẹ ìgbélùú tí wọ́n sì ń gbé ọ̀dọ̀ yín ní ti gidi, tí kì í ṣe pé wọ́n wá kí yín. Òfin mọ̀ pé àwọn kan wà tí kò lè fọwọ́ sí ìwé bákan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí àìlera, tàbí nítorí pé wọn kò kọ́ ìwé kíkọ. Wọ́n lè bèèrè lọ́wọ́ káńsù pé kí wọ́n yọ̀ǹda ìfọwọ́sí fún àwọn. Ẹni tó bá wọn kún ìbéèrè náà yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i, yóò sì sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ ìbí nìkan ni wọn yóò máa yẹ̀ wò. Ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fàmì síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ fi í sí, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ni kí ẹ gbọ́, kí ẹ má ṣe fi èrò tiyín rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má sì sọ ohun tí wọ́n yàn fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ dìbò fún wọn pátápátá, ọ̀nà rẹ̀ ni kí wọ́n yàn yín ní aṣojú, gbèǹdéke rẹ̀ sì ni agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin.

Ní ti arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì fún un ní nǹkan kan. Láti ìdìbò oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwé ìdìbò ìfìwéránṣẹ́ lọ sí káńsù tàbí ibùdó ìdìbò gbọ́dọ̀ kún fọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sì lè mú ju tirẹ̀ àti ti ènìyàn márùn-ún mìíràn lọ. Bí ó bá kó ti ogún ènìyàn dé, ti àwọn tó fi tọkàntọkàn gbé e lé e lọ́wọ́ ni wọn yóò dà nù. Bí ó bá fẹ́ yẹra fún fọ́ọ̀mù, tí ó sì rọra jù wọ́n sínú ihò lẹ́tà ẹnu ọ̀nà káńsù, wọn kò ní í ka ìkankan nínú rẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé ó ń polongo ìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀wọ̀n, nítorí pé òfin ti ka fífọwọ́ kan ìwé ìdìbò ìfìwéránṣẹ́ ẹlòmíràn léèwọ̀ fún àwọn olùpolongo, àyàfi ti ìbátan wọn tímọ́tímọ́, ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, tàbí ti ẹni tí wọ́n ń tọ́jú.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti wọlé, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nígbà tí Mawrey kan náà yìí fagi lé ìdìbò olórí káńsù Tower Hamlets, ní London, ti ọdún 2014, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ara ohun tó dá Lutfur Rahman, ẹni tó wọlé nínú ìdìbò náà, lẹ́bi lé lórí ni lẹ́tà tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn fọwọ́ sí, èyí tí adájọ́ kà sí fífi agbára ẹ̀sìn tẹ olùdìbò lórí ba. Mùsùlùmí ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kò yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Pásítọ̀ lè ní kí ìjọ jáde lọ dìbò, ó tilẹ̀ lè sọ ẹni tí òun fẹ́ràn. Kò gbọdọ̀ sọ pé ẹni tí kò bá dìbò fún lágbájá ti ṣẹ̀ sí Ọlọ́run.

Ọ̀nà tó dára jù lọ láti dá ìwé yín padà ni àpótí ìfìwéránṣẹ́ pupa tó wà ní òpópónà yín, kò sì yẹ kí ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ ìdìbò, nítorí pé ìwé tó bá dé káńsù lẹ́yìn agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà kò wúlò mọ́, ìbáà jẹ́ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló dá a dúró. Bí ọjọ́ bá ti lọ jù, ẹ gbé e fúnra yín lọ sí ibùdó ìdìbò ní wọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, kí ẹ kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fún yín. Ẹ má retí pé wọn yóò fún yín ní ìwé tuntun níbẹ̀. Ẹni tó ti yan ìfìwéránṣẹ́ kò lè dìbò bí àwọn yòókù mọ́ ní ọjọ́ náà.

Bí ìwé kò bá dé rárá, tàbí tí ọmọ kan da tíì sórí rẹ̀, káńsù lè fún yín ní òmíràn títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdìbò gan-an; ti èyí tí kò dé nìkan ló ń dúró di ọjọ́ iṣẹ́ kẹrin ṣáájú ìdìbò. Ẹ mú ohun tí wọ́n lè fi dá yín mọ̀ dání. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yín tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ dìbò, tí ìfọwọ́sí tàbí ọjọ́ ìbí yín kò bára mu, wọn yóò kọ lẹ́tà sí yín láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdìbò láti sọ ìdí tí wọn kò fi kà á, wọ́n sì lè bèèrè ìfọwọ́sí tuntun. Ẹ má ju lẹ́tà yẹn sí àárín àwọn ìwé ìpolówó. Ẹ dá a lóhùn, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà tí ìdìbò mìíràn bá dé.